Ológbò Kò Gbàgbé Ohùn Rẹ

Táòfíkì, Àkànní ọkọ mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà ní Mushin? Lubabah ìyàwó rẹ ńkọ́? Ọlọ́hun kò ní jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tí ẹ ń tà ní Ládìpọ̀ já lé ọ lẹ́sẹ̀. Àwa náà ń mí. Òjò ò rọ̀ tó, àgbàdo ti rọ lóko, ara bàbá rẹ le, orí wọn ni kò jẹ́ tiwọn mọ́.

Ológbò tí o fi omi ẹja tọ́ láti kékeré ṣì wà. Nígbà tí mo tẹ ohùn rẹ tó wà nínú fóònù, ó sáré wá, ó gbóòórùn ẹ̀yìn fóònù bóyá ibẹ̀ lo sá pamọ́ sí, ó wá lọ jókòó sẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ, kò kúrò níbẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Bó o ṣe pẹ́ lẹ́yìn odi tó! Tíṣà Yẹ̀kínnì ní bí wọ́n ṣe ń ṣe nìyẹn, pé ológbò kì í fi bẹ́ẹ̀ di ojú èèyàn mú, ohùn àti òórùn ló fi ń mọni, ó sì lè gbàgbé ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárọ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ tó bọ́ ọ nígbà tó kéré kì í kúrò nínú rẹ̀ bọ̀rọ̀. Mo ní bàbá Táòfíkì gan-an lẹ ń sọ yẹn.

Ni mo bá mú owó tí o fi ránṣẹ́ sí mi, mo gbé e sí ológbò nímú, ó yí orí kúrò. Mo gbọ̀nà ọ̀dọ̀ Fadilah tó ń ṣe POS, mo ní kó gba owó ẹlòmíì padà, kó fún mi ní èyí tí ọmọ mi fọwọ́ kàn, torí mo fẹ́ kí bàbá rẹ gbóòórùn rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú ẹ̀, kò sì pààrọ̀ ẹ̀. Ọmọ yẹn ò lẹ́kọ̀ọ́.

Ọjọ́ tí ojú rẹ yọ nínú fóònù, tí bàbá rẹ dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún ọ, tí wọ́n ń pè ọ́ ní Bọ̀dá Ọ̀ṣẹ́nì, ẹ̀gbọ́n wọn tó ti kú, mo sunkún. Irùngbọ̀n tí o dá sí ló jẹ́ kí wọ́n rò pé ìwọ ni ẹ̀gbọ́n wọn. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó já lójijì lọ́jọ́ náà ò tíì padà o, torí mo pè ọ́ títí, ó ń dún, ẹnìkan ò gbé e. Mo ti lọ bẹ ọlọ́dẹ tó ń ṣọ́ òpó fóònù lẹ́yìn mọ́ṣáláṣí pé kó bá wa tún un ṣe. Àbí kì í ṣe nẹ́tíwọ́ọ̀kì, Àkànní? Àbí ẹ̀rù ló bà ọ́?

Wá sílé. Owó oògùn ti tán, ṣùgbọ́n fọwọ́ ara rẹ gbé e wá. Má fọ ṣẹ́ẹ̀tì tí o fi ń ṣiṣẹ́, òun ni kí o wọ̀. Kí o ti máa sọ̀rọ̀ láti ìta kí wọ́n tó rí ojú rẹ. Bí wọ́n bá tún dọ̀bálẹ̀, má sá sẹ́yìn, kí ìwọ náà tètè dọ̀bálẹ̀, kí ẹ jọ wà nílẹ̀ níbẹ̀. Ọlọ́hun á mọ èwo ni ọmọ nínú ẹ̀yin méjèèjì.

Wàá jèrè ọmọ. O ò ní gbàgbé orúkọ wọn lọ́jọ́ alẹ́.

Èmi ni ìyá rẹ,
Ìdíátù