Lẹ́tà Mi Tó Dé Ọwọ́ Ẹni Tí Mo Fi Sùn

Ojúlé Kẹsàn-án,
Òpópónà Tó Sọ̀ Lọ sí Odò.

Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹfà.

Alága Ìgbìmọ̀ Ìmọ́tótó Àyíká,
Òkè Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, Yàrá Kejì,
Ọ́fíìsì Ìjọba Ìbílẹ̀.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

Ẹ̀SÙN LÓRÍ ÌDỌ̀TÍ OLÓRÓ TÍ WỌ́N Ń DÀ SÍ KÒTÒ Ẹ̀YÌN ILÉ WA, ÀTI LẸ́TÀ ÀKỌ́KỌ́ MI TÓ DÉ ỌWỌ́ AWAKỌ̀ TÓ Ń DÀ Á

1. Aránṣọ ni mí. Ó di ọdún mọ́kàndínlógún tí mo ti ń gbé tí mo sì ń ṣiṣẹ́ ní ojúlé tí mo kọ sókè yìí. Iwájú ilé ni ṣọ́ọ̀bù mi wà; ẹ̀yìn rẹ̀ ni èmi àti ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin ń gbé láti ìgbà tí ọkọ mi ti ṣaláìsí. Ìyá náà ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún. N kò kọ̀wé sí ìjọba rí kí ọ̀rọ̀ yìí tó ṣẹlẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á, nítorí pẹ̀lú ìbẹ̀rù ni mo fi ń kọ ọ́, mo sì ti ilẹ̀kùn mọ́rí kí n tó mú bírò.

2. Kòtò ńlá kan wà lẹ́yìn ilé wa tí omi òjò ń gbà bọ́ sínú odò. Láti oṣù kejì ni ọkọ̀ akẹ́rù kan ti ń wá síbẹ̀ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun àti ọjọ́ Ẹtì, ní nǹkan bí agogo mọ́kànlá àárọ̀, nígbà tí ọ̀pọ̀ ará àdúgbò ti lọ síbi iṣẹ́. Wọ́n fi ẹrẹ̀ bo nọ́ńbà rẹ̀ níwájú àti lẹ́yìn. Awakọ̀ rẹ̀ á yí àgbá aláwọ̀ búlúù mẹ́fà tàbí méje sílẹ̀, á sì dojú wọn dé sínú kòtò. Omi tó ń jáde níbẹ̀ dúdú, òórùn rẹ̀ sì ń ta ènìyàn nímú bí ẹni fín ata. Koríko etí kòtò ti kú tán. Nítorí pé awakọ̀ náà kì í yéé rẹ́rìn-ín músẹ́, Ẹlẹ́rìn-ín ni a ń pè é.

3. Ní ìparí oṣù kẹrin, afẹ́fẹ́ gbé aṣọ ìnura kan kúrò lórí okùn. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi sọ̀kalẹ̀ lọ mú un, ó sì fi ẹsẹ̀ ọ̀tún tẹ ibi tó tutù. Kí ó tó padà dé ẹnu ọ̀nà, sílípáàsì rẹ̀ ti yọ́ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Awọ àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ bó. Nọ́ọ̀sì tó tọ́jú rẹ̀ sọ pé kì í ṣe iná ló jó o, kẹ́míkà ni. Mo fi ìwé ilé ìwòsàn náà mọ́ lẹ́tà yìí. Ilé méjìlá ló ń mu omi kànga tó wà nísàlẹ̀ kòtò yẹn, tiwa náà wà níbẹ̀.

4. Lọ́jọ́ kẹfà oṣù karùn-ún, mo mú lẹ́tà tọ wolé-wolé àdúgbò wa lọ. Ó gbà mí tọwọ́-tẹsẹ̀, ó sì lu òǹtẹ̀ lé e níṣojú mi. Mo bi í bóyá wọn yóò mọ ẹni tó kọ ọ́, ó ní kí n fọkàn balẹ̀, pé orúkọ mi kò ní jáde. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, ó wá ri pátákó kan sí ẹnu kòtò pé ẹni tó bá da ìdọ̀tí síbẹ̀ yóò rí ẹjọ́ rò. Nígbà tí Ẹlẹ́rìn-ín dé, ó bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó fi kọ́ pátákó náà, ó da tirẹ̀ tán, ó gbé ṣẹ́ẹ̀tì wọ̀, ó sì wakọ̀ lọ. Àwọn kan tó rí i rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín kò wá sí ẹnu èmi.

5. Lọ́jọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù náà, ní agogo méjì ọ̀sán, Ẹlẹ́rìn-ín wọ ṣọ́ọ̀bù mi. Ó kí mi dáadáa, ó ní kí n bá òun gé ẹsẹ̀ ṣòkòtò kan. Bí mo ti ń wọ̀n ọ́n, ó yọ ìwé kan lápò, ó ní òun gbàgbé awò ojú òun sílé, kí n jọ̀ọ́ bá òun kà á. Mo ṣí i. Lẹ́tà mi ni. Ẹ̀dà rẹ̀ ni wọ́n ṣe, ṣùgbọ́n ọwọ́ ìkọ̀wé mi ni, òǹtẹ̀ ọ́fíìsì yín sì wà lórí rẹ̀. Mo ní ojú ń dùn mí. Ó fa àga, ó jókòó, ó ní òun kò kánjú. Mo kà á láti òkè dé ilẹ̀, títí kan orúkọ ara mi. Nígbà tí mo parí, ó dìde, ó ní, “Màmá, ọwọ́ yín dára, lórí ìwé àti lórí aṣọ. Ẹ má jẹ́ kí ó bàjẹ́.” Kò pariwo rárá.

6. Mo padà tọ wolé-wolé lọ. Kò lè wo ojú mi. Ó ní tábìlì mẹ́rin ni fáìlì ń gbà kọjá, òun kò sì mọ èyí tí lẹ́tà náà ti yọ́ jáde. Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀, ó ní òun náà ní ọmọ nílé. Láti ọjọ́ náà, bí ẹnikẹ́ni bá ṣí ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, abẹ́rẹ́ á gún mi lọ́wọ́. Aládùúgbò mẹ́ta tó ṣèlérí láti bá mi fọwọ́ sí ìwé yìí ti yẹ̀. Káfíńtà tó kọjú sí mi ní òun kò rí ọkọ̀ kankan rí. N kò bínú sí i. Èmi náà ìbá sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ló kọ̀ jálẹ̀. Ó ní bí a bá dákẹ́, tara ẹni a bá ni dákẹ́. Ọkọ̀ náà sì tún wá lọ́jọ́ Ẹtì tó kọjá.

7. Mo bẹ̀ yín, ẹ rán àwọn tí kì í ṣe ará ọ́fíìsì àdúgbò wa wá lọ́jọ́ tí ọkọ̀ náà máa ń wá, kí wọ́n fi ojú ara wọn rí i, kí wọ́n sì mú awakọ̀ rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ omi kànga wò. Ẹ wádìí ẹni tó fi lẹ́tà mi lé Ẹlẹ́rìn-ín lọ́wọ́, nítorí bí a kò bá mọ ẹni náà, kò sí ará ìlú tí yóò tún gbójú sọ ohunkóhun fún yín mọ́.

8. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi fúnra rẹ̀ ni yóò mú ìwé yìí wá bá yín, pẹ̀lú ọ̀pá. Ó ní kò sí ẹni tí yóò fura sí arúgbó. Àtẹ̀gùn yín pọ̀ fún un. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún un ní ìjókòó. Bí ẹ bá ka ìwé yìí tán, ẹ ti ìwé náà mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù níṣojú rẹ̀, kí ẹ sì fi kọ́kọ́rọ́ sápò ara yín, kí ó lè padà wá sọ fún mi pé ojú òun ló ṣe. Mo mọ̀ pé ẹni tó bá rí àdírẹ́sì mi yóò mọ̀ mí, ṣùgbọ́n ọwọ́ mi kọ̀ láti kọ orúkọ mi lẹ́ẹ̀kejì. Òun ni yóò sọ ọ́ sí yín létí, bí ẹ bá ti ti ilẹ̀kùn.

Ẹ ṣeun tí ẹ fetí sí mi.

Èmi ni tiyín, tí mo ń retí yín,

Aránṣọ ojúlé kẹsàn-án.