Dùùrù Tí Kò Lójú: Ìtàn Ìgbésí Ayé Olóògbé Joseph Olúyẹmí Ọládépò (1952–2025)

Ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kẹta ọdún 1952 ni wọ́n bí Bàbá wa, Olóògbé Joseph Olúyẹmí Ọládépò, ní Ìsàlẹ̀-Ọ̀yọ́, nílùú Ọ̀yọ́. Bàbá tó bí wọn lọ́mọ, Ọládépò Àlàdé, jẹ́ káfíńtà tó kan ọ̀pọ̀ àga ilé ìjọsìn. Ìyá wọn, Abigail Àbẹ̀kẹ́, jẹ́ ọmọ Ìkòyí-Ilé. Màmá àgbà kò yé sọ ọ́ títí wọ́n fi lọ pé ọmọ yìí kò jẹ́ kí nǹkan sinmi. Rédíò àkọ́kọ́ tó wọ ilé wọn kò pé oṣù kan kí Joseph tó tú u palẹ̀, kó lè mọ ibi tí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ jókòó sí. Ó jẹ ẹgba lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n ó tò ó padà, rédíò náà sì ń sọ̀rọ̀.

Bàbá bẹ̀rẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ọ̀yọ́ lọ́dún 1958. Nígbà tí wọ́n wà ní girama ni wọ́n kọ́ dùùrù, lórí èyí tí a ń fi ẹsẹ̀ fẹ́ atẹ́gùn sí. Wọ́n jáde ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́, ìjọba sì gbé wọn lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ lọ́dún 1975 láti máa kọ́ àwọn ọmọ ní sáyẹ́ǹsì. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ìjọ Áńgílíkà tí wọ́n ń lọ níbẹ̀ fi wọ́n ṣe atẹ-dùùrù.

Ọjọ́ kejìlélógún oṣù Kejìlá ọdún 1979 ni wọ́n gbé Màmá wa, Dorcas, níyàwó nínú ìjọ náà. Màmá ní lọ́jọ́ tí Bàbá kọ́kọ́ wá sílé àwọn, aago ògiri tó ti kú ni ojú wọn lọ bá kí wọ́n tó rántí kí àna. Wọ́n tún aago náà ṣe kí wọ́n tó jẹun. Ó jọ pé ìyẹn ló jẹ́ kí wọ́n rí ìyàwó fẹ́.

Bàbá fẹ̀yìn tì lọ́dún 2012, wọ́n sì ṣí ṣọ́ọ̀bù kan ní Takie, ní Ògbómọ̀ṣọ́, níbi tí wọ́n ti ń tún rédíò ṣe. Aládùúgbò wọn níbẹ̀ ni Alájà Kúbúrátù, tí ń ta tẹ̀sùbáà, fìlà àti ìbòrí. Ẹ̀sìn wọn kò pa wọ́n pọ̀, orin ló pa wọ́n pọ̀. Alájà a máa kọ wákà bí wọ́n bá ń ká ọjà sílẹ̀, Bàbá a sì máa fi ìka lu tábìlì tẹ̀ lé wọn.

Lọ́dún 2017, iná mànàmáná tó wá pẹ̀lú agbára tó pọ̀ jù jó dùùrù ìjọ. Olúwatóbi, ọ̀kan nínú àwa ọmọ, tó ń gbé ní Ìbàdàn, gbé kọ̀ǹpútà kékeré kan wá fún Bàbá. Kò ju páálí ìṣáná ńlá lọ, kò sì ní gíláàsì kankan tí ènìyàn lè wò. Inú Bàbá dùn bí ọmọdé. Ohun tí wọ́n ń rò tọ̀sán-tòru ni pé: báwo ni ohun tí kò lójú yóò ṣe jẹ́ ká mọ̀ pé òun ti jí? Wọ́n so ó mọ́ tẹlifíṣọ̀n ilé fún ọ̀sẹ̀ méjì láti ṣètò rẹ̀, lẹ́yìn náà wọ́n tú u kúrò pátápátá. Wọ́n kó ohùn dùùrù sínú rẹ̀, wọ́n so ó mọ́ kíbọọ̀dù orin lásán tí kò ní ohùn tirẹ̀ àti ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Bó bá ti ṣetán, yóò dún “dò, sò” lẹ́ẹ̀kan. Bọ́tìnnì funfun tó gbẹ̀yìn lápá òsì kíbọọ̀dù náà ni wọ́n fi ń pa á, torí bí iná bá lọ lójijì, ohun tó wà nínú rẹ̀ lè bàjẹ́. Lọ́jọ́ ìkórè, “dò, sò” yìí bọ́ sí àárín àdúrà Alùfáà, gbogbo ìjọ sì ṣe Àmín.

Ìjọ kọ́kọ́ fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ Ìsinmi kan lóṣù Karùn-ún ọdún 2018, lẹ́yìn orin ìyìn, Bàbá gbé ọwọ́ méjèèjì sókè láti nu awò ojú wọn, dùùrù sì ń dún lọ. Gbogbo ìjọ rí i. Lọ́sẹ̀ yẹn, lẹ́tà kan tí kò ní orúkọ dé ọ̀dọ̀ ìgbìmọ̀ ìjọ. Ó ní orin tí wọ́n ti gbà sílẹ̀ ló wà nínú páálí náà, pé ṣe ni Bàbá kàn ń mi ìka. Ìgbìmọ̀ pè wọ́n: bí wọn kò bá lè fi hàn pé ìka wọn ló ń kọrin, wọn yóò gba dùùrù lọ́wọ́ wọn. Ọdún méjìlélógójì ni wọ́n ti wà nídìí rẹ̀. Ó dun Bàbá wọra. Màmá ní ọjọ́ mẹ́ta ni wọn kò fi jẹun dáadáa.

Nígbà tí ọjọ́ pé, wọ́n gbé páálí náà lọ sí gbọ̀ngàn ìjọ. Àwọn àgbààgbà yí i síwá, wọ́n yí i sẹ́yìn, kò sí ibi tí wọ́n lè wò. Ẹnikẹ́ni ìbá dá orin ìjọ, ṣùgbọ́n kò sí èyí tí Bàbá kò mọ̀, nítorí náà wọ́n ṣì lè ní ó ti wà nínú páálí náà tẹ́lẹ̀. Ni Bàbá bá ránṣẹ́ sí Takie. Alájà Kúbúrátù ti ṣọ́ọ̀bù wọn, wọ́n wá. Wọ́n dìde, wọ́n sì dá wákà tí wọ́n fúnra wọn kọ nígbà ìsọmọlórúkọ ọmọ-ọmọ wọn, Bushrah, tí Bàbá kò gbọ́ rí. Ẹsẹ àkọ́kọ́, Bàbá ṣì í tẹ̀. Ìkejì, wọ́n tún ṣì í. Ní ìkẹta, wọ́n bá Alájà, wọn kò sì já wọn sílẹ̀ mọ́ títí orin fi parí.

Alájà yíjú sí ìgbìmọ̀. Wọ́n ní, “Ẹ̀yin bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé kásẹ́ẹ̀tì máa ń ṣi orin kọ ni?”

Bàbá wá ṣàlàyé ohun tí ìjọ rí lọ́jọ́ Ìsinmi náà: bí ìka bá kúrò, kíbọọ̀dù gbọ́dọ̀ sọ fún kọ̀ǹpútà pé ìka ti lọ, wáyà kan ló já lọ́jọ́ náà, kọ̀ǹpútà kò gbọ́, ó ń dún lọ. Wọ́n dá Bàbá padà sídìí dùùrù lọ́sẹ̀ náà.

Ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Kejì ọdún 2025, lẹ́yìn àìsàn ráńpẹ́, Bàbá papòdà lẹ́ni ọdún méjìléláàádọ́rin. Wọ́n fi Màmá Dorcas sáyé lọ, pẹ̀lú ọmọ mẹ́ta: Olúwaṣèyí, Olúwatóbi àti Ṣùbòmí, ọmọ-ọmọ mẹ́fà, àti ọ̀pọ̀ ẹbí ní Ọ̀yọ́ àti Ìkòyí-Ilé.

Ó ku ohun kan tí àwa gan-an kò mọ̀. Ní ọjọ́ kẹta tí Bàbá lọ, Bàbá Oyèlérè, wọ́dìn ìjọ tẹ́lẹ̀, wá kí wa. Wọ́n ní, “Èmi ni mo kọ lẹ́tà yẹn. Lọ́sẹ̀ tí ìgbìmọ̀ dán bàbá yín wò ni mo wá jẹ́wọ́ fún wọn ní ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n ní ṣé Blessing ọmọ mi ṣì fẹ́ kọ́ dùùrù, kí n jẹ́ kó máa bọ̀ lọ́jọọ́ Sátidé.” Blessing ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì nígbà náà. Ọdún mẹ́fà ni Bàbá fi kọ́ ọ, wọn kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni nínú ilé, kódà Màmá. Bàbá Oyèlérè ló bẹ̀ wá pé kí a kọ ọ́ síbí, pẹ̀lú orúkọ àwọn lábẹ́ rẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí. Blessing ni yóò tẹ dùùrù fún wa lónìí.

Ẹ sùn re o, Bàbá wa. Olúwa tí ẹ fi ìka mẹ́wàá sìn fún ọdún mọ́kàndínláàádọ́ta yóò fún yín ní ìsinmi. Àmín.