Eyín Tó Tú Àṣírí Iṣẹ́ Mi

Àbúrò mi àtàtà,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ àti àwọn ìbejì. Ṣé ara yín le? Àwa náà wà dáadáa níbí. Mo mọ̀ pé inú ń bí ọ pé n kò pè ọ́ láti oṣù kan. Eyín ni kò jẹ́ kí n lè sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ó ti parí, tayọ̀tayọ̀ ni mo sì fi ń kọ̀wé yìí.

Ọjọ́ Ẹtì kan ló bẹ̀rẹ̀. Ìyàwó tuntun kan wá wọ aṣọ ìgbéyàwó rẹ̀ wò ní ìsọ̀ mi. Aṣọ náà bá a mu débi pé ó ra omi tútù fún gbogbo wa. Bí mo ṣe mu ún báyìí, ó ta mí ní eyín iwájú bí ẹni pé wọ́n gún mi lábẹ́rẹ́. Mo figbe ta. Ìyàwó rò pé aṣọ ló ya lẹ́yìn, ló bá bú sẹ́kún. Èmi di ẹnu mú, òun di ìdí aṣọ mú.

Láti ọjọ́ náà, omi tútù ò ṣe é mu, tíì gbígbóná ò ṣe é mu, kódà bí atẹ́gùn bá fẹ́ sí mi lẹ́nu, ó ń ta mí. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni. O rántí pé nígbà tí Màmá wa wà lọ́jọ́ orí mi yìí, kò sí eyín kan lẹ́nu wọn mọ́. Mo ti gbà lọ́kàn mi pé ó ti kàn mí. N kì í rẹ́rìn-ín mọ́.

Baálé mi tó jẹ́ káfíńtà ló fura, ló bá fà mí lọ sọ́dọ̀ dókítà eyín. Ọmọdébìnrin kan báyìí ni. Ó tanná sí mi lẹ́nu, ó wò ó títí, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Mà, ṣé télọ̀ ni yín?" Bẹ́ẹ̀, n kò tíì sọ iṣẹ́ mi fún un. Ó gbé dígí kékeré fún mi: òwú tí mo ti ń fi eyín já láti ogún ọdún ti gbẹ́ ojú ọ̀nà tín-ín-rín sí etí eyín mi.

Ó ní kì í ṣe òwú nìkan. Búrọ́ọ̀ṣì líle tí mo fi ń ha ẹnu bí ẹni ń fọ ìdí ìkòkò ti lé èrìgì mi sẹ́yìn, ìdí eyín wá wà ní gbangba. Omi ọsàn wẹ́wẹ́ tí mo ń mu láràárọ̀ kí ikùn mi lè wọlẹ̀ náà ti ń bó ara eyín, èmi á sì tún fọ ẹnu lójú ẹsẹ̀. Mo béèrè bóyá yóò yọ ọ́. "Ẹ ò ní pàdánù ìkankan, mà. Kò sí èyí tó jẹrà níbẹ̀." Àbúrò mi, mo sunkún lórí àga yẹn.

Ó fi oògùn kun ún. Ó ní kí n ra búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ àti ọṣẹ ìfọyín tí wọ́n ṣe fún eyín tó ń ta, kí n máa fọ ọ́ jẹ́jẹ́ bí ẹni ń nu ojú ọmọ tuntun. Bí mo bá jẹ ohun kíkan, kí n fi omi lásán yọ ẹnu, ó di bíi wákàtí kan kí n tó fọ ọ́. Bí kò bá rọlẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kí n padà wá, torí eyín tó là tàbí tó jẹrà máa ń ta bẹ́ẹ̀ náà. Ní ti òwú, ó ní àlùmọ́gàjí ni wọ́n ṣe fún un.

Lánàá ni mo mu ife omi tútù kan tán pátápátá. Baálé mi jókòó níwájú mi bí ẹni ń wo bọ́ọ̀lù. Nígbà tí n kò kígbe, òun ló kígbe, a sì rẹ́rìn-ín títí aládùúgbò fi wá kan ilẹ̀kùn.

Kí ayọ̀ má ṣe wọ́n nílé rẹ. Ẹ̀rín ni a ó máa bá ara wa rín.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ, tí eyín rẹ̀ pé síbẹ̀.

Mo fẹ́ẹ̀ gbàgbé: baálé mi tó máa ń fi eyín ṣí ìgò ń lọ rí dókítà náà ní Ọjọ́bọ̀. Ó ti bi mí lẹ́ẹ̀mẹta bóyá mo máa bá a wọlé, kí n sì di òun lọ́wọ́ mú.