Mo Fi Màmá Sílẹ̀ Lórí Òkè

Sátidé, ìrọ̀lẹ́

Ojú ń tì mí débi pé mi ò lè jẹun.

Èmi àti ìyá ọkọ mi lọ gbàdúrà lórí òkè tó dá wà lẹ́yìn ìlú Ajue lónìí. Bí a ṣe ń sọ̀kalẹ̀, kùrukùru bo ọ̀nà, àrá sì ń sán. Ẹ̀rù bà mí, mo sáré. Màmá ń pariwo lẹ́yìn mi: "Ìyàwó mi, dúró dè mí!" Mo gbọ́. Mo ṣe bí ẹni tí ò gbọ́.

Ó pẹ́ kí wọ́n tó bá mi nísàlẹ̀, orúnkún wọn ti bó.

Nígbà tí a délé, ọkọ mi bi wọ́n pé kí ló ṣẹlẹ̀. Wọ́n ní, "Mo yọ̀ ṣubú ni. Ìyàwó rẹ ló fà mí dìde."

Mi ò lè wojú wọn. Wọ́n tún gbé omi gbígbóná sí balùwẹ̀ fún mi.