Ìwẹ̀ Tí Mo Wẹ̀ fún Irin Ọkọ̀ Yín

Bàbá mi ọ̀wọ́n, olówó orí ìyá mi,

Ní gbogbo Ẹdẹ yìí, kò sí ẹni tó mọ irin fọ̀ tó èmi ọmọ yín. Gbogbo mẹkáníìkì ìlú ló ń wá wo iṣẹ́ ọwọ́ mi. Ó dáa, ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Àwọn mẹ́ta ló wá, ọ̀kan nínú wọn sì wá gba sípánà rẹ̀ ni.

Mo ti ń tún ọkọ̀ yín ṣe. Láti ọjọ́ tí ẹ ti lọ, adìẹ ló ń gbé inú rẹ̀. Mo lé wọn, wọn ò lọ, àfìgbà tí mo yọ táyà. Mo tú àwọn irin abẹ́ rẹ̀ tó gbé táyà ró: apá méjì, sípíríǹgì méjì. Bàbá, ṣé ẹ fi gírísì kun irin wọ̀nyí ni, àbí ẹ̀ ń fi bọ́ wọn? Ó nípọn bí ọbẹ̀ ilá àná. Inú rẹ̀ ni mo ti rí ìlàjì kóòmù tí ẹ ní ìyá mi ló jí i. Ṣé ẹ ti bẹ̀ wọ́n lọ́hùn-ún?

Obìnrin kan wà nítòsí àwọn mẹkáníìkì, Rísíkátù lorúkọ rẹ̀, kò dàgbà ju àbíkẹ́yìn mi lọ. Ọ̀dà oníyẹ̀fun ló ń fi kun irin. Á fọ́n ìyẹ̀fun náà sára irin, á gbé e sínú ààrò ńlá kan, á yan án bíi búrẹ́dì títí ọ̀dà á fi yọ́ lẹ̀ mọ́ ọn. Kò tíì pẹ́ tó ṣí ṣọ́ọ̀bù. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, orúkọ rere nìkan ló ní.

Fífọ̀ irin ni tèmi. Ọjọ́ méjì ni mo fi jókòó lórí àpótí. Mo fi ọ̀bẹ ha gírísì, mo rẹ irin sínú kẹrosíìnì, mo fi búrọ́ọ̀ṣì onírin gbo ó, mo tún fi ọṣẹ àti omi gbígbóná ṣàn án. Mo yọ gbogbo rọ́bà ara rẹ̀, kí ààrò má baà jó o. Irin ń dán yanran. Mo wá ṣe ohun tí ẹ máa ń ṣe sí àdá yín: mo fi àdín pa á kó má baà dógùn-ún, mo sì fi àkísà nù ún títí ojú ò fi lè rí i. Ta ló ń wẹ̀ tí kì í para?

Mo kó irin náà fún Rísíkátù, ó fọ́n ọ̀dà sí i, ó sì gbé e sínú iná. Nígbà tó ṣí ààrò, èéfín ló kọ́kọ́ jáde, òórùn rẹ̀ bí ẹni ń dín àkàrà. Ọ̀dà ti lé ròrò, ó ń bó wẹ́wẹ́. Lójú ẹsẹ̀ ni àwọn mẹkáníìkì ti sọ ọ́ ní Ìyá Búrẹ́dì Jóná. Ẹni méjì tó kó irin wá fún un kó ẹrù wọn padà.

Ó rọra bi mí bóyá mo fi nǹkan kàn án. Ẹ kúkú mọ ẹnu mi. Mo ní àdín díẹ̀ ni, àti pé kò sọ fún mi pé ó léèwọ̀. Àwọn mẹkáníìkì wo irùngbọ̀n mi funfun, wọ́n gbà mí gbọ́. Rísíkátù ò bá mi jiyàn. Ó kúnlẹ̀, ó ní kí n má bínú.

Bàbá, ǹjẹ́ irú ìkúnlẹ̀ bẹ́ẹ̀ ti bá yín rí? Ẹ̀yin ni mo kọ́kọ́ fẹ́ di ẹ̀bi rù, torí ọwọ́ yín ni mo ti kọ́ àdín pípa, òkú ò sì lè jiyàn. Àmọ́ láti ọjọ́ náà, bí mo bá fẹ́ dá àpárá, kì í dùn lẹ́nu mi.

Ní àárọ̀ yìí mo padà lọ, mo dúró láàárín gbogbo wọn, mo sì sọ ọ́ bí mo ṣe ń sọ ọ́ fún yín yìí. Rísíkátù kìlọ̀ fún mi. Ẹ̀ẹ̀mejì ló sọ ọ́ pé òróró kankan ò gbọdọ̀ kan irin náà lẹ́yìn tí mo bá fọ̀ ọ́ tán. Mo gbọ́ ọ ketekete. Mo kàn rò pé ọmọdé ò lè kọ́ mi ní irin fífọ̀ ni.

Ọmọ yín tó fẹ́ràn yín, tó ń darúgbó láì gbọ́n tó bẹ́ẹ̀.