Ọ̀rá Tí Màámi Fi Ránṣẹ́

Ọjọ́bọ̀, ìrọ̀lẹ́. Arámọkọ.

Ó ti rẹ̀ mí. Awọ tínínrín tí mo fi ọ̀rá inú ẹyin tẹ́ sórí gíláàsì ní yàrá ìwádìí tún ti bàjẹ́. Afẹ́fẹ́ ò gbọdọ̀ kàn án, àmọ́ omi inú àwo tó bò ó ti gbẹ kí n tó padà débẹ̀.

Lánàá, mo ráhùn fún màámi lórí fóònù pé ọ̀rá ń dà mí láàmú. "Ọ̀rá mà kún ulé mi!" ni wọ́n wí.

Mo délé lónìí, awakọ̀ tó ń bọ̀ láti Ìjurin, ìlú màámi, ti já ẹrù tí wọ́n fi rán an sílẹ̀: ọ̀rá tí wọ́n fi ń di gààrí. Wọ́n ti fọ gbogbo rẹ̀, wọ́n sá a, wọ́n ká a.

Ẹ̀rín ni àbí ẹkún? Mo pè wọ́n.

"Ṣé ó tó?"

"Ó tó, Màámi."

Lọ́la, màá fi ọ̀kan bo àwo náà, kí omi rẹ̀ má baà gbẹ mọ́.