Òkúta Inú Igbá Àlàbí

Ilé Olùkọ́, Ẹ̀yìn Sábó,
Ògbómọ̀ṣọ́.
9 Oṣù Kejì, 1926.

Samuel, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa ni o wà? Victoria ńkọ́, ọmọ tuntun ńkọ́? Ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn ọ́ ti san, àbí o ṣì ń rìn bí ẹni tó tẹ ẹ̀gún? Ọyẹ́ mú lọ́dọ̀ wa lọ́dún yìí, ètè gbogbo wa ló ti là. Martha ìyàwó mi ní kí n kí yín kú ọjọ́ mẹ́ta.

Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́. O ní kí n kọ́ ọ ní ọgbọ́n tí mo fi ń ka bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀, o sì béèrè ìdí tí Àlàbí kò fi bá wa wá sí Ọ̀yọ́ nígbà tí ẹ nà wá bí ẹni na aṣọ òfì. Ìdáhùn kan náà ni ìbéèrè méjèèjì ní, kò sì dùn ún sọ.

O mọ Àlàbí, káfíńtà ilé ìwé wa. Òun ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ kan apẹ̀rẹ̀ méjèèjì mọ́ òpó. Kò sẹ́ni tó ń ju bọ́ọ̀lù wọlé tó Àlàbí nínú wa, síbẹ̀ a kì í borí. Mo wá ní kí Martha jókòó sétí pápá pẹ̀lú igbá kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan wa. Bí bọ́ọ̀lù bá wọlé, kó sọ ẹkùrọ́ kan sínú igbá ẹni tó jù ú. Bí kò bá wọlé, kó sọ òkúta sí i. Lẹ́yìn ìdíje márùn-ún, Àlàbí ti jù ú nígbà ọgọ́ta, méjìlá péré ló wọlé. Ọládépò, tí òun náà wà nínú ẹgbẹ́ wa, ju ogún, mẹ́wàá wọlé. Bọ́ọ̀lù tí kò bá sì wọlé, ọwọ́ ọ̀tá ló sábà máa ń bọ́ sí. Mo ní ọwọ́ mi ti ba ẹni tó ń pa wá.

Ká ní mo pè é sí kọ̀rọ̀ ni, ì bá sàn. Ìgbéraga ọgbọ́n mi ló ń gùn mí. Mo da igbá rẹ̀ sórí tábìlì lójú gbogbo ènìyàn, mo sì ń ka òkúta náà sókè. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, “Olókùúta” ni wọ́n ń pè é lọ́jà. Ikú yá ju ẹ̀sín lọ. Kò bá mi jà. Ó kó ayùn àti òòlù rẹ̀, ó gba òkè Ọya lọ síbi iṣẹ́ rélùwéè.

Ìgbà náà la wá pàdé yín. Ọládépò tí mo gbójú lé ju mẹ́rìndínlógún, méjì wọlé. Nígbà tí à ń bọ̀ wálé ni Martha sọ fún mi pé, “Bọ́ọ̀lù tó bá ti fẹ́ bọ́ mọ́ yín lọ́wọ́ lẹ máa ń jù fún Àlàbí. Ọládépò kì í jù ú àfi bí kò bá sẹ́nìkan níwájú rẹ̀.” Mo bi í pé kí ló dé tí kò sọ tẹ́lẹ̀. Ó ní òkúta ni mo ní kó kà.

Mo kọ̀wé ránṣẹ́ sí Àlàbí pé kó dákun máa bọ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni èsì dé: ibà ti pa á, wọ́n ti sin ín sọ́hùn-ún. Mo lọ kí Àmọ̀kẹ́, ìyá rẹ̀. Wọn kò sunkún lójú mi. Wọ́n ní, “Adéníyì, a kì í ka ọmọ fọ́lọ́mọ. O ka tèmi, o tún kà á lójú ayé.” Samuel, mo mọ̀ pé ibà ló pa á, ṣùgbọ́n èmi ni mo lé e lọ bá a.

Bí ẹ bá ṣì fẹ́ máa kà á ní Ọ̀yọ́, ẹ ka ẹni tó ju bọ́ọ̀lù náà fún un pẹ̀lú. Èmi àti Martha tún òkúta méjìdínláàádọ́ta náà yẹ̀ wò lánàá, ó sì rántí púpọ̀ nínú wọn. Ó lé ní ogún tó jẹ́ pé èmi ni mo sáré jù ú sí i lọ́wọ́ nígbà tí ẹ̀rù bà mí. Nínú igbá tèmi, òkúta mẹ́ta péré ló wà.

Bá mi kí Victoria àti gbogbo ará ilé.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tí ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀,
Adéníyì.